Òkúta Ìpè

Ní Ha Lekhoele, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọlé tọ ènìyàn.
Àwa la máa ń gòkè lọ pàdé rẹ̀
lórí òkúta kan tó tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́,
lókè ilé mẹ́rìnlá tó kù sí abúlé wa.
Ẹ bá ọ̀nà àwọn ewúrẹ́ lọ,
ẹ fọwọ́ rá níbi tí ẹsẹ̀ ò bá gbà.
Bí ẹ bá dúró sápá òsì, ohùn á máa já bí òwú ògbólógbòó.
Àárín gan-an ni, níbi tí bàtà ti fọ́ òkúta náà dán,
ẹnì kan ṣoṣo ló sì gbà.

Nítorí náà a máa ń tò.
Nítorí náà kò sí àṣírí.
Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́:
ẹni tó ń ṣàárò ọkọ rẹ̀
á kígbe ìfẹ́ náà bí ẹni ń lé ajá.
Àwa tá a wà lórí ìlà, a ó kọjú sí àfonífojì,
a ó máa ka àgùntàn tí kì í ṣe tiwa.
Etí wa gbọ́. Ojú wa ni ò gbọ́.

Mo mọ iye tí Seabata jẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀.
Seabata mọ̀ pé ọkọ mi ti bímọ fún ẹlòmíràn ní Welkom;
ó ra ṣúgà fún mi lọ́jọ́ náà,
kò sọ ìdí.

Oṣù kẹfà, lẹ́yìn tí òjò dídì kọ́kọ́ bọ́,
Khethang ló wà níwájú mi.
Ọjọ́ kẹsàn-án tá a sin ìyàwó rẹ̀, Mampoi:
àáké la fi la ilẹ̀ kí ṣọ́bìrì tó wọ̀ ọ́.
Tumisang ọmọ wọn wà nísàlẹ̀ kòtò wúrà,
ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ pé.
Ẹni tó bá kúrò kó tó pé, òfo ló kó.
Ọ̀nà sì ti dí. Ẹṣin kankan ò gba orí yìnyín yẹn.

"Bàbá, àlàáfíà kọ́?"
Fóònù Khethang kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́.
"Àlàáfíà ni."
"Màmá ńkọ́?"
Ó wo bàtà rẹ̀. Ó wo òkè.
"Ó wà."
"Ṣé wọ́n ń jẹun?"
"Ó jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀. Ó ní ẹ̀kọ náà ò jinná."

Ẹ̀kọ tí ò jinná! Mampoi gan-an nìyẹn,
aláròyé tó lè bá iná jà nítorí ìkòkò.
Lẹ́yìn mi ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnì kan fẹ́ sunkún,
Seabata wúkọ́, ó fi bo àwọn méjèèjì.
Mo ka àgùntàn dé ọgbọ̀n,
àṣé òkúta ni wọ́n, òjò dídì ló bò wọ́n.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Seabata na aáṣáà sí i.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe di òpùrọ́, odindi abúlé, láìṣe ìpàdé.
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Mampoi fi gbé orí òkúta náà:
ó rán kúbùsù, ó bá ewúrẹ́ Lipuo jà,
eékún dùn ún, eékún sàn.
N ò rí òkú tó ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìpè tó kẹ́yìn, Tumisang ní òun ti gbowó,
òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì bí ọ̀nà bá là.
Ó béèrè ẹṣin. Ó béèrè òrùlé. Ó béèrè èmi pàápàá.
Khethang ń retí ìbéèrè kan yòókù,
ó ti gbé ìdáhùn rẹ̀ sẹ́nu bí ọ̀dùnkún gbígbóná.
Afẹ́fẹ́ dákẹ́ díẹ̀.
"Bàbá, ẹ má tíì to òkúta lé e lórí.
Ẹ jẹ́ n bá yín tò ó."

Khethang gbé fóònù kúrò létí, ó nù ún mọ́ kúbùsù rẹ̀,
ó rọra sọ̀ kalẹ̀.
Ó ní, "Máa bọ̀. Ó kàn ọ́."